Ibi tí iná 1666 ti kú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ohun tí ìrìn nínú Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ kọ́ mi

Ẹni tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù tó ní òun fẹ́ rí ilé àtijọ́, Tower Bridge ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga, ó rí bí ohun tí ọba ayé ìgbàanì kọ́. Àmọ́ irin ni egungun rẹ̀, òkúta ni wọ́n kàn fi bò ó, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà 1894 ni wọ́n sì ṣí i, ọjọ́ mẹ́rin péré kí wọ́n tó ṣí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ní aago Big Ben ńkọ́? Lẹ́yìn iná 1834 ni wọ́n tún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ́. Ilé ẹjọ́ ńlá tó wà ní Strand, 1882. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ àgbà, ọmọdé ni wọ́n. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó bá jọ ti àtijọ́ jù lọ ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Ayé tí mò ń sọ níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ láti 1066, ọdún tí àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé gba England, títí dé bíi 1620. Iṣẹ́ ọnà Renaissance, èyí tó jí àṣà Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ dìde ní Ítálì, pẹ́ kó tó dé erékùṣù yẹn, ó sì kéré níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá Florence, ìlú Ítálì tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá ẹja lórí igi. Díẹ̀ tó wà náà tó wò, màá kàn án tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló jẹ ìlú náà run. Ọba Henry Kẹjọ ni àkọ́kọ́: láàárín 1536 sí 1540 ó ti ilé àwọn mọ́ńkì pa, ó pín ilẹ̀ wọn fún àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn yẹn sì wó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé tiwọn. Iná ni ìkejì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1666 ó sọ ní ilé oníbúrẹ́dì kan ní Pudding Lane, ó jó fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ó sì kó ṣọ́ọ̀ṣì 87 àti ilé tó lé ní 13,000 lọ. Bọ́ǹbù Jámánì ni ìkẹta, pàápàá ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1940 àti ti ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún 1941. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yìí, ó ní ìdí tó fi ṣẹ́kù. Tí ẹ bá mọ ìdí yẹn, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa wá a sí.

Afẹ́fẹ́ ọjọ́ iná yẹn ń fẹ́ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Ìdí nìyí tí iná fi sáré gba ìwọ̀ oòrùn lọ, tó sì fi apá ìlà oòrùn àti àríwá sílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú àwòrán ìlú, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà láti ẹ̀gbẹ́ Tower of London, gba Mark Lane, Leadenhall, Lothbury dé Cripplegate, kí ẹ yà sí Smithfield, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ gba Fetter Lane dé Temple. Nínú ìlà yẹn, ògiri díẹ̀, yàrá abẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ àti ọ̀nà tóóró ló kù. Etí ìlà náà àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìṣúra wà. Èèyàn púpọ̀ ń fi odindi ọjọ́ kan rìn ní àárín gbùngbùn ibi tó jóná, wọ́n á wá sọ pé kò sí nǹkan kan.

Farringdon ni mo máa ń ní kí àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line máa ń ti Heathrow dé ibẹ̀ láìpààrọ̀ ọkọ̀. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí St Bartholomew the Great, Charterhouse àti ẹnubodè St John tí wọ́n kọ́ ní 1504. Ní igun Giltspur Street àti Cock Lane, ẹ gbójú sókè: ère ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n kùn ní wúrà wà lára ògiri. Pye Corner ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà náà, ibẹ̀ ni iná ti dúró. Ẹ rìn díẹ̀ sí i, ẹ ó wà ní ibi tí iná kò dé.

St Bartholomew ni ibi tí mo lè fi wákàtí méjì ṣòfò láìkábàámọ̀. Ẹnubodè rẹ̀ dojú kọ ọjà ẹran Smithfield. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, láti nǹkan bí ọdún 1200 síwájú. Ilé igi tó gùn ún lórí jẹ́ ti 1595. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n fi nǹkan bo ojú ilé igi yẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bọ́ǹbù tí ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin jù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló mi ohun tí wọ́n fi bò ó jábọ́. Bọ́ǹbù tó ba ti ẹlòmíràn jẹ́ ló tú àṣírí tibí.

Ẹ má sáré kọjá ẹnubodè yẹn. Òkúta tó tẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹnubodè tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Rahere ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1123, ilé ìjọsìn ìgbà yẹn sì gùn láti ẹnubodè dé ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì òní wà. Àwọn èèyàn Henry Kẹjọ wó apá iwájú. Torí náà ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀, tí koríko àti sàréè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ń rìn láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, òrùlé rẹ̀ ni kò sí mọ́. Òkúta dúdú àti funfun tó wà lára ògiri ìta kò tó nǹkan lọ́jọ́ orí, iṣẹ́ àtúnṣe sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni. Àwọn kan á wo ìyẹn, wọ́n á sì yí padà. Ilé gan-an wà nínú: òpó bọ̀kùbọ̀kù tí apá èèyàn méjì kò lè gbá mọ́ra, ọ̀nà tó tẹ̀ roboto lórí wọn, òkùnkùn díẹ̀. Ìtẹ̀ roboto ni àmì àwọn ará Normandy. Nígbà tí ẹ bá rí i tó ṣe ṣónṣó lókè, ìgbà ti yí, ẹ ti wọ bíi 1180 sókè.

Ní òkè, ní apá gúúsù, fèrèsé kan yọ sóde sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Olórí ilé náà tó ń jẹ́ William Bolton ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Ẹ wo àárín rẹ̀: ọfà kan gún àgbá kan já. Irú ọfà kan nígbà yẹn ń jẹ́ "bolt", àgbá ọtí ń jẹ́ "tun", Bol-ton. Ẹni tó bá mọ àrokò kò nílò àlàyé: bí owó ẹyọ mẹ́fà ṣe ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, bẹ́ẹ̀ ni ọfà àti àgbá ṣe ń pe orúkọ ọkùnrin yìí. Tí ẹ bá ní gílásì awò ọ̀nà jíjìn, ibí ni kí ẹ ti lò ó.

Charterhouse wà ní ìsọdá ọ̀nà. Ilẹ̀ tí wọ́n sin òkú àjàkálẹ̀ àrùn 1348 sí ni, wọ́n dá ilé mọ́ńkì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1371, ó di ilé ọlọ́lá lẹ́yìn Henry, nígbà tó di 1611 Thomas Sutton sọ ọ́ di ilé ìtọ́jú àgbàlagbà àti ilé ìwé. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún Elizabeth line yẹn ní 2013, egungun àwọn tí àrùn náà pa ni wọ́n bá lábẹ́ gbàgede Charterhouse. Ibi tí ẹ lè wọ̀ fúnra yín kò pọ̀. Àgbàlá inú àti gbọ̀ngàn ńlá, àfi kí ẹ tẹ̀ lé afinimọ̀nà, kí ẹ sì ti gba àyè sílẹ̀. Ẹ yan ìrìn tí ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà inú ilé náà ń darí tó bá wà.

Ó kan kíka òkúta. Ibi tí èèyàn ti lè kọ́ ọ láìsan kọ́bọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Tower Hill. Odi ìlú ń dúró níbẹ̀ nínú ọgbà kékeré kan tó jìn wọ ilẹ̀, ère ọba Róòmù kan wà níwájú rẹ̀. Ọgbà náà jìn torí pé ilẹ̀ ayé ìgbà yẹn wà nísàlẹ̀ títì òde òní. Ẹ wo apá ìsàlẹ̀ odi: òkúta gígẹ́ kéékèèké tò ní ìlà ìlà, àti láàárín wọn, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́. Bíríkì pẹlẹbẹ ni ìlà pupa yẹn, tí àwọn ará Róòmù fi so ògiri pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 200. Ẹ gbé ojú lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ìlà pupa bá ti tán, tí òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rí gbágungbàgun, ńlá àti kékeré pa pọ̀, tí kò tẹ̀ lé ìlà kankan, ọwọ́ àwọn ará ayé àárín (ìgbà tó wà láàárín ayé Róòmù àti ti Renaissance) ló wà níbẹ̀: wọ́n gbé tiwọn lé ti ará Róòmù. Kò sí ilé musíọ̀mù tó lè kọ́ yín ní èyí kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún rìn lọ sí Cooper's Row, ẹ wọ àgbàlá ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì. Odi kan náà wà níbẹ̀, ó ga jù, ihò tí tafàtafà ń gbà ta ọfà ṣì wà lára rẹ̀. Wọn kì í lé èèyàn, ẹ kàn rọra wọlé.

Ní St Alphage, lẹ́bàá Barbican, odi náà dé adé bíríkì. Ní 1477 ni Ralph Joceline tó jẹ́ olórí ìlú ní kí wọ́n mọ ọ́n, nígbà tí ìdílé ọba méjì ń bára wọn jà. Tí oòrùn bá bọ́ sí i dáadáa, ẹ ó rí bíríkì tó dúdú díẹ̀ tí wọ́n fi ya igun mẹ́rin oníṣónṣó sára rẹ̀. Bíríkì ọwọ́ ni: kò sí méjì tó dọ́gba. Bí bíríkì tàbí òkúta bá dọ́gba rẹ́gí, tí etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ẹ̀rọ tàbí ará sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ló ṣe é.

Ilé igi náà ní tirẹ̀. Egungun igi oaku ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé dúró, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ hun àárín rẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti rí ilé alámọ̀ onígi nílé kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ya ẹnu. Èyí tó tóbi jù tó kù ni Staple Inn, 1585, tó dojú kọ ibùdó Chancery Lane. Òkè rẹ̀ yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ. Iwájú rẹ̀ ti gba àtúnṣe púpọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni bọ́ǹbù 1944 wó tí wọ́n tún kọ́, nítorí náà iwájú ni kí ẹ wò kí ẹ máa lọ.

Ìbéèrè kan wà tí mo fi ń wọ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì: apá wo ló kù gan-an? Temple Church, tí àwọn Templar, ẹgbẹ́ jagunjagun onísìn Kristi, kọ́ ní roboto, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1185, ògiri rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ooru iná 1941 la àwọn òpó òkúta dúdú rẹ̀, tuntun ni wọ́n fi rọ́pò. Ère àwọn jagunjagun tó dùbúlẹ̀ nílẹ̀ jẹ́ ojúlówó, iná ti jẹ lára wọn. William Marshal, ọlọ́lá tó ṣe adelé fún ọba England, wà nínú wọn. Guildhall, gbọ̀ngàn ìjọba ìlú náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1411, òrùlé rẹ̀ jóná ní 1666, ó tún jóná ní 1940. Ògiri àti yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni ojúlówó. St Olave ní Hart Street là ní 1666 torí pé wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ àwọn ilé tó yí i ká kí iná má bàa rí nǹkan jẹ. Bọ́ǹbù wá bà á ní 1941. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó kún fún agbárí òkúta, 1658 ni, àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ràn rẹ̀.

St Helen's ní Bishopsgate ni mo fẹ́ràn jù lọ ní apá ibẹ̀. Ilé méjì ló fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lábẹ́ òrùlé kan: èyí tó wà lápá àríwá jẹ́ ti àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, ti gúúsù jẹ́ ti ará àdúgbò. Ẹ wá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ògiri àríwá, tó dá gbọọrọ. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin náà ti ń yọjú wo pẹpẹ. Sàréè Thomas Gresham, oníṣòwò tó dá Royal Exchange, ilé tí àwọn oníṣòwò ti ń pàdé dòwò, sílẹ̀ ní ìlú náà, wà níbẹ̀. Iná kò débẹ̀, àwọn ará Jámánì kò bà á púpọ̀. Bọ́ǹbù àwọn IRA, ẹgbẹ́ ajàjàgbara ará Ireland, ní 1992 àti 1993 ló fọ́ fèrèsé rẹ̀. Ìjọ tó wà níbẹ̀ ń lò ó lójoojúmọ́, torí náà ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó máa rìn káàkiri.

Ó kù ti Westminster. Westminster Hall, gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, jẹ́ ti 1097, ó gùn tó mítà 73, ó fẹ̀ tó 20. Òpó kò sí láàárín rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà Hugh Herland ló gbé òrùlé igi rẹ̀ dúró láti 1393: apá igi ń yọ láti ara ògiri, òmíràn dúró lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí wọ́n fi pàdé lókè. Ẹ dúró sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá rántí pé ní nǹkan bí sẹ́ńtúrì yẹn ni àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ ń da orí idẹ. Ọ̀kan nínú àwọn orí tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 wà ní British Museum, yàrá 25, kò jìnnà. Mo máa ń ní kí ọmọ Yorùbá wo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí ó ṣe débẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nínú Westminster Abbey, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń dé ọba ládé, ẹ lọ tààrà sí ẹ̀yìn pátápátá, sí ilé àdúrà Henry Keje. Òrùlé òkúta tó là bí abẹ̀bẹ̀ ló wà lókè yín. Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ayé àárín ni. Sàréè ọba tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ Renaissance tó ṣe pàtàkì jù ní ìlú náà: Pietro Torrigiano, ará Florence, ló ṣe é láàárín 1512 sí 1518. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, òun ló lu Michelangelo, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, fọ́ imú kó tó sá kúrò nílé. Èèyàn dúdú kan, John Blanke, ń fọn kàkàkí láàfin ọba yìí. Wọ́n ti kọ owó oṣù rẹ̀ sínú ìwé ní 1507, àwòrán rẹ̀ tó wé láwàní sì wà nínú ìwé eré ìjà tí wọ́n ṣe ní Westminster ní 1511. Tí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí Renaissance dà nígbà tó gbilẹ̀ tán, Banqueting House tí Inigo Jones parí ní 1622 wà ní Whitehall, ó tó láti wò láti ìta.

Ohun tó sábà máa ń ba ìrìn yìí jẹ́ kì í ṣe ìmọ̀. Ọjọ́ ni. Ọ́fíìsì ló kún àárín ìlú náà, torí náà ní Sátidé àti Sunday ó dá wáí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì á tì. Tuesday sí Thursday, láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, ni ilẹ̀kùn ṣí jù. Ẹnubodè Temple lójú Fleet Street máa ń tì ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ gba Tudor Street wọlé. Abbey kì í gba arìnrìn-àjò ní Sunday, ìsìn nìkan. Guildhall máa ń tì láìròtẹ́lẹ̀ tí àpèjẹ bá wà, ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí owó ìwọlé Abbey bá wọ̀ lọ́rùn lè lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìjókòó ni, wọn kò ní jẹ́ kó rìn lọ sídìí sàréè ọba.

Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lu, òkúta kò sì ṣeé kà nínú òkùnkùn, nítorí náà ohun ìta ni kí ẹ fi ṣe ti àárọ̀. Fóònù máa ń ṣìnà láàárín àwọn ilé gogoro Bishopsgate, á ní ẹ wà ní òpópónà kejì. Ẹ fi orúkọ ọ̀nà ṣe atọ́nà. Àwọn olówó ilé kò gbà kí Christopher Wren, ayàwòrán ilé, tún ojú ọ̀nà là lẹ́yìn iná, oníkálukú fẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ padà, nítorí náà ọ̀nà ayé àárín ṣì ni púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń tọ̀. Cheapside ni ọjà. Ìsọ̀ búrẹ́dì wà ní Bread Street, ti wàrà ní Milk Street, ti adìyẹ ní Poultry.

Tí wákàtí kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí St Magnus the Martyr, lẹ́bàá London Bridge. Afárá òkúta tí wọ́n parí ní 1209 dúró níbẹ̀ títí tí wọ́n fi ṣí èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1831, ìyẹn náà sì ni wọ́n tà lọ sí Arizona ní 1968. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n mú afárá náà gbòòrò sí i, wọ́n la ọ̀nà gba abẹ́ ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ́ sórí rẹ̀. Ọ̀nà náà ṣì wà. Òkúta afárá díẹ̀ wà nínú àgbàlá kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ẹ lè fọwọ́ kàn wọ́n.